Fífi Ọwọ́ Ènìyàn Sínú Ìlù Orí Kọ̀ǹpútà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Lo AI

Nígbà tí a bá fi máòsì tẹ ìlù ijó sínú kọ̀ǹpútà, tí eré orin náà sì jẹ́ 120 BPM (ìdá ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan), ìró kan yóò máa jìnnà sí èkejì ní mílísẹ́kọ́ǹdù 125 géérégé bí a bá pín bar kan (ìdá ìlù mẹ́rin) sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin rẹ̀, agbára tí a fi lu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì dọ́gba. Kò sí onílù tó ń lù báyìí. Ẹni tó bá ti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onídùndún nígbà tí Arugbá ń lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ ọdún mọ̀ pé ìlù náà ń sún síwájú, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í ṣìnà. Ìyẹn ni mo ń pè ní ọwọ́ ènìyàn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, òun náà sì ni ohun tí àwọn irinṣẹ́ AI lè bá wa wá, bí a bá mọ ohun tó yẹ kí a ní kí wọ́n ṣe àti ohun tí kò yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

Mo gbé ìlù kan tí mo tẹ̀ lọ fún bàbá onílù kan ní àdúgbò Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. Mo ti lo irinṣẹ́ tó máa ń ti ìró síwá sẹ́yìn láìsí ètò, mo sì gbàgbọ́ pé ó ti di ti ènìyàn. Bàbá gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló di ìlù yìí mú?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kò yé mi.” Wọ́n ní, “Gbogbo wọn ló ń ṣeré. Kò sí ẹni tó dúró dè wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló lè kánjú, òun ló lè dákẹ́, òun ló lè fa ọ̀rọ̀ gùn ju ìlà lọ, nítorí pé gúdúgúdú àti àwọn omele wà nílé tí wọn kò kúrò. Bí gbogbo ìlù bá jọ ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí kò ní ibi tí yóò fi mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí èyí, yíyẹ̀ ti ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe bí ẹni da ọmọ ayò sílẹ̀. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ físíìsì nílùú Göttingen ní Jámánì gbé jáde ní 2011 fi hàn pé ìyapa kéékèèké tó wà nínú ìlù tí ènìyàn lù tan mọ́ra wọn: bí ọwọ́ bá pẹ́ díẹ̀ níhìn-ín, ìpẹ́ náà máa ń ní ipa lórí ìró tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àní títí jìnnà, àwọn olùgbọ́ sì fẹ́ràn irú ìyapa bẹ́ẹ̀ ju èyí tí kò tan mọ́ra lọ. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì tó kàn ń da ìró rú kò fi tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ẹni tí yóò di ìlù mú

Kí ẹ tó ṣí irinṣẹ́ AI kankan, ẹ tẹ́tí sí ìlù yín, kí ẹ sì pinnu ohun èlò kan tí kò ní kúrò lórí ìlà, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà pín sílẹ̀ géérégé. Nínú orin house, kick (ìlù ńlá tó ń dún “gbì”) tó ń dún lẹ́ẹ̀mẹrin nínú bar kan ni, kò sì yẹ kí a ṣiyèméjì lórí rẹ̀. Nínú amapiano, níbi tí kick ti lè ṣọ̀wọ́n, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí shaker ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ gúdúgúdú, nítorí náà òun ni kí ẹ fi sílẹ̀ kó dúró ṣinṣin, kí ẹ wá jẹ́ kí log drum (ìró bass amapiano) àti clap (ìró àtẹ́wọ́) máa yẹ̀. Ẹ kọ ìpinnu náà sílẹ̀. Mo ti rí i pé ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò ti fọwọ́ kan kick kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ojú ilé ṣe

Ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo ló ń lo FL Studio, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin. Bí ẹ kò bá yí i padà, ọ̀nà 96 péré ló máa ń pín ìdá kan nínú mẹ́rin bar sí (iye yìí ni à ń pè ní PPQ), èyí tó túmọ̀ sí pé ní 120 BPM, ìró kò lè sún ní ìwọ̀n tó kéré ju mílísẹ́kọ́ǹdù 5.2 lọ. Bí AI bá sọ pé kí hi-hat (àwo onírin méjì tó ń pàdé) kan pẹ́ ní mílísẹ́kọ́ǹdù 7, kọ̀ǹpútà yóò gbé e sí 5 tàbí 10, ọwọ́ tí ẹ ń wá yóò sì ti bàjẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ lọ sí ibi ètò iṣẹ́ náà, kí ẹ gbé PPQ sí 960. Ìwọ̀n tó kéré jù lọ yóò wá di bí ìdajì mílísẹ́kọ́ǹdù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ìró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fẹ ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ clap àti snare tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ níwájú. Ẹ gé e kúrò, nítorí pé ìró tó ti pẹ́ láti ilé kò ṣeé fi díwọ̀n ohunkóhun.

Ohun kẹta níbi ìpalẹ̀mọ́ yìí ni ìpẹ́ tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń fà nígbà tí a bá ń gba ohùn sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á nítorí pé ó ti ná mi ní odindi orin kan rí. Mo gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ nígbà tí mo ti gbé buffer (iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí) sí 2048. Bí kọ̀ǹpútà bá ń díwọ̀n ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (44,100 Hz), ìyẹn jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 46. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà wá ń wọ́ lẹ́yìn kick, mo sì ń yọ̀ pé ọwọ́ onílù yìí mà tutù o, ó mà dùn o. Mo kọ́ gbogbo orin náà lé e lórí. Nígbà tí onílù fúnra rẹ̀ wá gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní òun kò lù báyìí. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rọ ni mo ń gbọ́, mo sì ti gbé ẹ̀bùn ọwọ́ rẹ̀ sọnù. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbé buffer sí 256, èyí tó jẹ́ bí mílísẹ́kọ́ǹdù 6, mo sì máa ń dán an wò kí onílù tó jókòó: mo ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dún “kọ̀” kan jáde láti inú ẹ̀rọ amóhùndún-gbòòrò, máíkì ń gbà á sílẹ̀ láti ìtòsí, mo sì ń wo iye mílísẹ́kọ́ǹdù tó wà láàárín èyí tí mo fi ránṣẹ́ àti èyí tó padà wá. Iye yẹn ni mo máa ń yọ kúrò nínú gbogbo ohun tí a bá gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí máíkì má jìnnà sí ẹ̀rọ náà, nítorí pé ohùn ń lò tó mílísẹ́kọ́ǹdù 3 kó tó rin mítà kan nínú afẹ́fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí AI lù ú

Irinṣẹ́ tí mo máa ń kọ́kọ́ fi kọ́ ènìyàn ni Groove, ọ̀kan lára àwọn ohun tó wà nínú Magenta Studio tí àwọn olùwádìí ní Google gbé jáde. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà yín ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé, MIDI (fáìlì tó kọ ìgbà àti agbára ìró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀) ló sì ń gbà, kì í ṣe ohùn. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ní 2019, wọ́n gbé àkójọ ìlù kan jáde tó jẹ́ wákàtí 13.6, tí àwọn onílù 10 lù lórí Roland TD-11, ìlù oníná kan, ọwọ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ló sì pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ìlù òyìnbó onígbá púpọ̀ ni, kì í ṣe dùndún, kì í ṣe bàtá. Nítorí náà, ọwọ́ tí yóò fún yín jẹ́ ọwọ́ ẹni tó jókòó ti kick, snare àti hi-hat. Ọwọ́ gidi ni, mo sì ń lò ó pẹ̀lú ìmoore, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ retí pé kó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Oríṣi ohun èlò mẹ́sàn-án péré ló mọ̀: kick, snare, hi-hat tó dé àti èyí tó ṣí, tom mẹ́ta, àti àwo onírin méjì, crash àti ride. Bí ẹ bá ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti omele nínú ìlù yín, ẹ ní láti yá wọn ní aṣọ ẹlòmíràn. Mo máa ń gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sórí nọ́ńbà MIDI 42, tó jẹ́ ti hi-hat tó dé, agogo sórí 51 tó jẹ́ ti ride, omele sórí 45 àti 50 tó jẹ́ ti tom. Kick wà lórí 36, clap sì wà lórí 38 ní ipò snare. Ẹ má ṣe fi ohun èlò méjì sórí nọ́ńbà kan. Ẹ ṣe àdàkọ iṣẹ́ yín, kí ẹ lo ìlànà tí FL Studio fi ń palẹ̀ iṣẹ́ mọ́ fún MIDI, kí ẹ wá gbé fáìlì náà jáde.

Kí ohun tí ẹ gbé fún un wà lórí ìlà géérégé. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín sún ìró kan tẹ́lẹ̀, kò ní rí i. Ńṣe ló máa ń pa àkókò àti agbára tí ìró kọ̀ọ̀kan ní rẹ́, tí á sì kọ tirẹ̀. Bar méjì-méjì ló sì ń rò ó, bar kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, èyí tó fi hàn pé ìlù kónkóló, tí ìró rẹ̀ jókòó lórí ọ̀nà méjìlá, kò ní ibi tí yóò dúró sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé kónkóló fún un, yóò fún un pọ̀ mọ́ orí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. Fún irú ìlù bẹ́ẹ̀, ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí, kí ẹ lọ sí ìkarùn-ún.

Temperature ni bọ́tìnì tí ẹ óò fi sọ bí ó ṣe lè ṣàyà tó. Bí ẹ bá gbé e sókè, àrà á pọ̀, àṣejù náà á pọ̀. Mo máa ń ní kó lu ìlù kan náà ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìwọ̀n àárín, kí n tó yan ọ̀kan. Mo sì sábà máa ń mú bar méjì láti inú èyí, bar méjì láti inú ìyẹn, kí ìlù má baà máa padà sí ojú kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dín in kù, kí ẹ sì dá olórí padà sí àyè rẹ̀

Ẹ gbé fáìlì tó jáde padà sínú iṣẹ́ yín, kí ẹ bọ́ aṣọ àyálò náà, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ padà di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun èlò tí ẹ yàn ní ìgbésẹ̀ kìíní, òun nìkan, kí ẹ fi quantize dá a padà sórí ìlà pátápátá. Ìgbà yìí gan-an ni ìlù máa ń yípadà létí yín. Gbogbo ohun tó ń yẹ̀ yóò wá ní ohun tí wọ́n ń yẹ̀ fún.

Èyí tó kù, ẹ tún dá wọn padà ní ìdajì, nítorí pé orin ijó kò gba ìyẹ̀ tó pọ̀ tó ti orin tí a ń jókòó gbọ́. Quantize inú FL Studio ní ibi tí ẹ ti lè sọ iye tí yóò fà á tó. Ní etí tèmi, ìyẹ̀ tí kò tó mílísẹ́kọ́ǹdù 5 kì í hàn lábẹ́ kick. Láti 10 sí 20 ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti hi-hat ti ń mí. Bí clap bá fi kọjá 25, ó ti di àṣìṣe, àfi bí ó bá jẹ́ pé gbogbo bar ló ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹ fi ìyẹ̀ yìí wé swing (mímú kí ìró kejì nínú méjì-méjì máa pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà), kí ẹ má baà lo méjèèjì lórí ara wọn láìmọ̀. Roger Linn ló fi swing sínú ẹ̀rọ ìlù LM-1 tó jáde ní 1980, òun náà ló sì bá Akai ṣe MPC60 ní 1988. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kà á: 50 túmọ̀ sí pé ìró kejì wà láàárín gbùngbùn, bí 66 sì ni ibi tó ti di ìdá mẹ́ta. Ní 120 BPM, ìdá kan nínú rẹ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 2.5, nítorí náà swing 54 ti gbé ìró kejì kúrò ní àyè rẹ̀ ní mílísẹ́kọ́ǹdù 10, swing 58 sì ti gbé e ní 20. Bí ẹ bá wá da ìyẹ̀ AI lé e, tí ó tún fi 15 kún un, ìró náà ti rìn jìnnà. Ẹ pa swing kí ẹ tó lo AI.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fún un ní ọwọ́ Òṣogbo

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. A wà ní ìlú tí àwọn ọmọ Àyàn wà, tí ọwọ́ onílù kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bá onílù kan, kí ẹ san owó rẹ̀ bí ẹ ṣe máa san án lóde ìnáwó, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ fẹ́ mú ìrìn ọwọ́ rẹ̀ sínú orin mìíràn, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára orin náà. Ẹ fi kick yín sí i létí, kó lu gúdúgúdú tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kì í tíì gbóná nígbà náà. Bar mẹ́jọ láti àárín ni kí ẹ gé.

Nígbà tí mo fẹ ojú irú ohùn gúdúgúdú bẹ́ẹ̀ kan, mo rí ohun tí etí mi ti gbọ́ tí n kò lè ṣàlàyé. Pàṣán awọ méjì ni onílù fi ń lù ú, ọ̀tún àti òsì. Ìró ọ̀tún ga, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí ìlà. Ìró òsì kéré sí i díẹ̀, ó sì ń dé lẹ́yìn ìlà ní bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 12, ìgbà dé ìgbà. Àmọ́ ní ìparí bar kẹrin, bí ó ṣe fẹ́ yí padà, òsì sáré wá síwájú ìlà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó padà sí ìpẹ́ rẹ̀. Gbogbo adùn ibẹ̀ wà nínú ìró kan yẹn.

Láti mú ìrìn yìí jáde, Ableton Live, irinṣẹ́ orin mìíràn, ní Extract Groove, ó sì tún lè sọ ohùn ìlù di MIDI. Bó bá jẹ́ pé inú orin tí ẹ fúnra yín ti gbà sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ohùn àti bass ni ìlù náà wà, Demucs, irinṣẹ́ AI ọ̀fẹ́ tí àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Facebook ṣe, lè pín in sí mẹ́rin: ìlù, bass, ohùn ènìyàn àti ìyókù. Ẹ wò ó dáadáa bí dùndún bá wà níbẹ̀. Nítorí pé ìyáàlù ń fa ohùn lókè àti nísàlẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, ó lè gbé apá kan rẹ̀ lọ sí àárín ohùn ènìyàn tàbí ìyókù. Ẹ fetí sí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó pa ọ̀kankan rẹ́.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ti ń dún díẹ̀díẹ̀ kí ó tó gbá igbá, ṣùgbọ́n ibi tó ti gbá igbá ni etí ń pè ní ìró. Kọ̀ǹpútà sì sábà máa ń fi àmì síbi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lo àmì yẹn bẹ́ẹ̀, gbogbo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yín yóò dà bí ẹni tó ń kánjú. Ẹ fi ojú wo ìró márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ ka iye mílísẹ́kọ́ǹdù tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti góńgó rẹ̀, kí ẹ wá ti gbogbo àmì náà sẹ́yìn ní iye yẹn.

Bí ẹ kò bá ní Ableton, ẹ lè ní kí AI tó ń kọ ọ̀rọ̀, irú ChatGPT tàbí Claude, bá yín kọ ètò kékeré kan ní èdè Python pẹ̀lú mido, tó jẹ́ irinṣẹ́ kíka MIDI. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kedere, báyìí: “Mo ní fáìlì MIDI méjì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ gúdúgúdú tí ènìyàn lù, ti èkejì jẹ́ hi-hat tó wà lórí ìlà. Ka bí ìró kọ̀ọ̀kan nínú ti àkọ́kọ́ ṣe jìnnà sí ìlà tó sún mọ́ ọn jù lọ ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, kí o sì fi ìyàtọ̀ yẹn sún ìró tó bá a mu nínú ti èkejì. Fi ìdajì agbára rẹ̀ náà kún un. Má fọwọ́ kan nọ́ńbà 36.” Fún kónkóló, ẹ fi méjìlá rọ́pò mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n ẹ má bi í pé iye mílísẹ́kọ́ǹdù wo ló máa dùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ló ń kọ, kò gbọ́ orin yín.

Agbára ìró, tí à ń pè ní velocity, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: láti 1 dé 127 ni, kí ìlọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ga ju àbọ̀ rẹ̀ lọ, bíi 95 sí 60. Ẹ rí i dájú pé ohùn náà yàtọ̀ bí agbára bá yàtọ̀, kì í ṣe pé ó kàn lọ sílẹ̀. Ẹ lo ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ohun èlò kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò lára ènìyàn

Ẹ gbé ìlù náà jáde ní ọ̀nà méjì, èyí tó wà lórí ìlà àti èyí tó ní ọwọ́, kí ẹ má kọ orúkọ sára wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn wọn dọ́gba. Ẹ lù ú fún ẹni tí kì í ṣe olórin, nígbà tó bá ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Ẹ wo èjìká rẹ̀, ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ohùn kù títí tí kick fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́. Bí ẹ bá ṣì lè fi ẹsẹ̀ gbá a láìṣìnà, ẹni tó di ìlù mú ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń wá ilẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, kí ẹ tún dín ìyẹ̀ náà kù.

Bí ó bá ti dára, ẹ fi ìrìn ọwọ́ náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì MIDI, kí ẹ kọ orúkọ onílù, ohun èlò àti eré orin náà sára rẹ̀. Ọwọ́ tí mo gbà ní 112 BPM, nígbà tí mo gbé e lọ sí orin tó jẹ́ 124, ìpẹ́ òsì rẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ oníjó mu mọ́, bí mo ṣe dín in tó. Mo ní láti padà sí Òkè-Baálẹ̀, kí bàbá tún un lù ní eré tuntun náà.